Bẹntiróòlù, Dísẹ̀lì àti Kẹ̀kẹ́ Màlúù Wa

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Màlúù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ẹsẹ̀ rẹ tí wọ́n dì lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Mo lérò pé ìrora náà ti ń rọlẹ̀, pé oorun ń kùn ọ́, àti pé oúnjẹ ń wọlé. Màlúù tó tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ yẹn kò ní tún rí ẹsẹ̀ ọmọlúàbí tẹ̀ mọ́. Ní ti àwa níhìn-ín, gbogbo wa wà láàyè. Ikọ́ ìyàwó mi ti lọ, ó sì ní kí n kí ọ dáadáa. Èmi náà le, àfi pé ohun kan dé bá imú mi àti inú mi lọ́sẹ̀ yìí, òun ni mo sì jókòó ti tábìlì láti ròyìn fún ọ kí ẹnu ẹlòmíràn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

O bẹ̀ mí pé kí n bá ọ wo píkọ́ọ̀pù méjì tó wà ní ọgbà olùtajà ọkọ̀, ọ̀kan tí ń lo bẹntiróòlù, èkejì tí ń lo dísẹ̀lì, kí n sì mú èyí tí yóò máa fa kẹ̀kẹ́ màlúù wa, èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti kó ẹran, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ rẹ àtijọ́ ti dákẹ́ pátápátá. Mo dúpẹ́ fún iyì tí o bù fún mi. Ọmọ tó rántí àgbà nígbà tí nǹkan dé, àgbà kò ní gbàgbé rẹ̀. Mo mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Oníwàrà, tó ni oko màlúù oníwàrà, ti sọ gbangba pé ẹni tó bá lè gbé àwọn màlúù òun tó ń ṣàìsàn dé ilé ìwòsàn ẹran láìṣe wọ́n léṣe ni òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún, àti pé kí oṣù yìí tó parí ni òun yóò mú onítọ̀hún. Bí mo bá ṣi ọkọ̀ mú, mo ti fi ọwọ́ ara mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o dùbúlẹ̀.

N kò dá lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Gbajúmọ̀, ní òun gbọ́dọ̀ bá mi lọ. Ẹni tó yẹ ní yíyìn, ẹ jẹ́ ká yìn ín: ọkùnrin náà síngbọnlẹ̀, ó mọ aṣọ í wọ̀, ohùn rẹ̀ dùn, kò sì sí ilé tó wọ̀ tí kì í fi ẹ̀rín kún. Ìwọ mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi ní ọjà ẹran kí n tó fẹ̀yìn tì ni kí n gun orí àpótí, kí n máa kí màlúù ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá kí àwọn tó fẹ́ rà lè gbọ́. Ìyìn kò ṣòro fún mi. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi tètè mọ̀ bí ẹnu bá ń yìn tí ojú kò wo nǹkan kan.

Olùtajà ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní tó sì mọ ìkíni, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bó ti yẹ. Ó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì máa ń fa ẹrù láti ìsàlẹ̀ láìpariwo, ó máa ń di ẹrù mú bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, epo rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ní ti bẹntiróòlù rọrùn láti rà, ó rọrùn láti tún ṣe, ara rẹ̀ sì tètè máa ń yá fún ìrìn kúkúrú. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo tí òkè sì ga, yóò ké. Mo yìn ín nítorí pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Gbajúmọ̀ kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó ti gun orí ti dísẹ̀lì, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ ẹṣin lórí. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo imú ẹ̀ bó ṣe gbòòrò. Tí èyí bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ọkọ̀ tó kù á yà.” Mo bi í pé, “Ṣé àwọn tó máa yà náà ló máa gbé iṣẹ́ fún ìyàwó àbúrò rẹ?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ fún wọn pé ilé tiwa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú ọkọ̀. Bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa kẹ̀kẹ́ màlúù láé bí onítọ̀hún kò bá tíì kọ́kọ́ dúró nínú kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú ẹran, kí wọ́n fa òun náà gun òkè, kí wọ́n sì fà á sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ìwọ náà wọ̀ ọ́ nígbà ọmọdé rẹ, o bì sára bàtà bàbá rẹ, o nu ẹnu, o ní kí wọ́n tún gbé ọ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ irú ẹni tí o jẹ́. Ìyá Oníwàrà gbà pé kí a wá dán ọkọ̀ méjèèjì wò ní ọ̀nà oko òun tí ọkọ̀ ẹlòmíràn kì í gbà, ó yá wa ní màlúù, òun fúnra rẹ̀ sì jáde wá dúró ti ẹnubodè pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀.

Ti bẹntiróòlù ni a kọ́kọ́ so. Màlúù mẹ́rin ni wọ́n kó wọlé, èmi sì dúró sí àlàfo kékeré tí bàbá rẹ fi irin pààlà sí níwájú kẹ̀kẹ́. Bí a ti ń gun òkè ni ẹ́ńjìnnì náà ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ, nígbà tí a sì ń bọ̀ nísàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ wa ni ó ń ti ọkọ̀. Ìdí kẹ̀kẹ́ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, màlúù kan kúnlẹ̀ lójijì, ìtọ̀ rẹ̀ sì wọ bàtà mi. Mo ní kí wọ́n sọ méjì kalẹ̀, kí a tún lọ. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó gun òkè náà jẹ́jẹ́, bíréèkì rẹ̀ ká ẹrù náà, kò sì sí ẹni tó kúnlẹ̀.

Nígbà tí ó kan ti dísẹ̀lì, Gbajúmọ̀ ní òun ni yóò wà á. Màlúù mẹ́rin ni a tún kó. Ọmọ mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọkọ̀ nítorí ẹni tó jókòó nínú rẹ̀: ọkọ̀ náà gun òkè bí ìgbà tí ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ láìyẹsẹ̀. Mo ti ń to oríkì fún un nínú ọkàn mi. A dé ẹnubodè, Gbajúmọ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbà náà ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Dúdú ni, ó wúwo, ó ní ọ̀rá nínú, ó ń gba ihò afẹ́fẹ́ wọlé bí ẹni ń da á sí wa lórí. Màlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ta orí mọ́ irin, ó ń wúkọ́, ikun dúdú ń já láti imú rẹ̀. Ojú mi ń ta, ọ̀nà ọ̀fun mi dí, mo sì bì gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀ sára pákó. Mo fi ọ̀pá mi lu irin, mo lù ú, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá Oníwàrà ló sáré wá ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo jáde, mo rí ohun tó dá wa dúró: Gbajúmọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé táyà, ó ń ní kí olùtajà ya òun ní fọ́tò, kí ó rí i pé imú ọkọ̀ wọ inú rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé èéfín kí ni èyí. Olùtajà náà wolẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ìrìn kúkúrú lẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń fi rìn. Dísẹ̀lì ayé ìsinsìnyí fẹ́ kó gbóná dáadáa lójú ọ̀nà kó lè jó ẹ̀gbin tó kó sínú àsẹ́ tó ń sẹ́ èéfín rẹ̀. Tí kò bá gbóná, àsẹ́ yẹn á dí.” Mo ní, “Ó wá dí, kí lẹ ṣe?” Kò fẹ́ sọ. Gbajúmọ̀ ló dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín: “Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e sọ nù, Bàbá, kẹ́ ẹ tó wá sí oko yìí. Ó ti wá lágbára sí i báyìí. Ẹ̀yin náà ẹ rí i lórí òkè.” Mo ní àwọn màlúù ńkọ́. Ó na ọwọ́ sí wọn bí ẹni na ọwọ́ sí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó ní, “Màlúù kì í rojọ́. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ fún?”

Ìyá Oníwàrà, tó ń fi etí ìró rẹ̀ nu imú ẹran lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Màlúù tí ò nírù, Olúwa ló ń bá a lé eṣinṣin.” Èmi sì sọ fún Gbajúmọ̀ pé kó jọ̀wọ́, kó wọ inú kẹ̀kẹ́, kó dúró síbi tí mo dúró, kí a tan ọkọ̀ náà fún ìwọ̀n ìgbà tí fọ́tò kan gbà. Ó wo pákó, ó wo ara rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, aṣọ funfun ni mo wọ̀.”

Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbé pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù. Mo ti sùn nínú òórùn rẹ̀, mo ti jẹun níbi tí ó wà, kò rí mi lára rí. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun yẹn rí mi lára, fọ́tò yẹn kó mi nírìíra, ẹ̀rín yẹn sì ń gbé mi ní èébì di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó mọ̀. Ohun tó burú jù nìyẹn. Kì í ṣe àìmọ̀kan, ó mọ̀ pé èéfín ń bẹ, ó sì gbà pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni kó máa fà á símú. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó tún tẹnu bọ̀ ọ́ pé kí n kọ̀wé sí ọ pé ọkọ̀ dísẹ̀lì náà dára. “Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ orí ló mú kẹ́ ẹ bì.” Mo wo ojú fèrèsé títí a fi délé. Bí mo bá ya ẹnu pẹ́nrẹ́n, ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde kò yẹ lẹ́nu àgbà.

Ohun tó tún wá le ni pé ó ti lọ bá Ìyá Oníwàrà ṣáájú, ó ti fi orúkọ rẹ ṣèlérí pé màlúù mẹ́rin mẹ́rin ni ìwọ yóò máa kó. Mo padà lọ bá ìyá náà ní ọjọ́ kejì. Mo sọ ọ́ fún un bó ti rí: pé ọ̀nà láti oko rẹ̀ dé ilé ìwòsàn ẹran kúrú, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní gbóná kí a tó pa á, àsẹ́ tí wọ́n bá sì fi sí i yóò tún dí; pé bó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni, dísẹ̀lì tí àsẹ́ rẹ̀ pé ni n bá mú láìronú; ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni mo rí tó bá iṣẹ́ yìí mu, màlúù méjì péré ni yóò sì máa kó. Mo ní, “Wọ́n ṣèlérí mẹ́rin fún yín. Irọ́ ni. Ọmọ mi kò mọ̀ sí i.” Ó ń da oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹran, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi dà á tán. Mo rò pé mo ti fi òótọ́ pa iṣẹ́ rẹ.

Nígbà tí ó lanu sọ̀rọ̀, ó ní kí n lọ ránṣẹ́ pe olùtajà kó gbé ti bẹntiróòlù wá. Ó kó méjì wọlé, ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ bíbí, òun fúnra rẹ̀ sì wọ àlàfo níwájú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ìyá àgbà yẹn, pẹ̀lú gbogbo ipò rẹ̀. Wọ́n fà á gun òkè, wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì dúró ti ẹnubodè láìpa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, èyí tó lóyún ti dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ìwọ mọ̀ jù mí lọ pé ẹran tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ìyá Oníwàrà jáde, ó yọ koríko kúrò nínú gèlè rẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ fún un pé kó máa kó méjì méjì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti san, kó wá.”

Mo ti ra ti bẹntiróòlù náà. Ó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Gbajúmọ̀ yóò wá bá ọ pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, kí i bó ti yẹ, bọ̀wọ̀ fún un, fún un ní àga. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó tún fi orúkọ rẹ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Egungun rẹ yóò so pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ yóò tún tẹ ilẹ̀ ṣinṣin. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣá lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà tí o bá ń tọ̀ kò ní dí mọ́ ọ lójú. Ohun tó ń gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀, ẹnu tí kò lè dúpẹ́ yóò sì máa súre fún ọ ní ọ̀nà tirẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré, àbúrò bàbá rẹ.

Àfikún: Bí mo ti fẹ́ di lẹ́tà yìí ni Gbajúmọ̀ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi ọkọ̀ tuntun náà lọ òde ní Sátidé. Mo ní kó máa bọ̀, kó wọ ohun tó bá wù ú, ṣùgbọ́n inú kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ni àyè wà.