Òrùka Tí Kò Wọlé Tán

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ẹ má bínú, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Bàbá Ràṣídì, ọ̀rẹ́ yín ará àdúgbò Gàmbàrí, ti kú. Ó di ọjọ́ mẹ́wàá lónìí. Mọ́tò oníná, irú èyí tó ń yí ẹ̀rọ ìlọ̀, ló wó lù ú nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun wa, lójú mi báyìí. Bóyá ẹ ti ríra yín lọ́hùn-ún. Ṣé ó ti sọ bó ṣe jẹ́ fún yín? Bí kò bá tíì sọ, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Èmi ni wọ́n fi sítọ́ọ̀ yín lé lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Àwọn kan ráhùn pé kí ni obìnrin ń wá láàárín irin, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi ni mò ń ṣe. Mi ò jẹ́ kí mọ́tò kankan jókòó sórí ilẹ̀ lásán, orí pákó ni gbogbo wọn wà. Mo ń da tapólì bò wọ́n, mo sì ń tan gílóòbù sábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà wọ wáyà inú wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ kírun, mo ń fọwọ́ yí ọ̀pá àárín wọn díẹ̀, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo yí i dé, kó má baà dúró sójú kan títí á fi bàjẹ́. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ máa ń fi kan ara wọn, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná? Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín nígbà náà. Èmi náà ti ń ṣe é báyìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ni tírélà gbé mọ́tò tuntun dé, èyí tí yóò máa yí ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ àlìkámà. Ó ga tó èjìká mi, ó sì wúwo ju màlúù mẹ́rin lọ. Mo gun orí tírélà lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Òrùka irin méjì ló wà lórí rẹ̀, àwọn la máa ń fi ṣéènì kọ́ láti gbé e sókè. Ọ̀kan nínú wọn kò wọlé tán sínú ihò tí a ń yí i sí. Àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ gba ìka mi. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ́ mi nìyẹn, pé òrùka tí kò bá jókòó dáadáa, a kì í fi gbé nǹkan kan.

Bàbá Ràṣídì ló ń darí awakọ̀ kírénì, òun náà ló di okùn tí a fi ń darí ẹrù mú. Mo sọ fún un. Ó gòkè wá, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá mi, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún tó kọjá. Èmi nìkan ni mo mọ̀, torí èmi ni mo máa ń bá a ka ìwé ẹrù. Kò rí àlàfo yẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó yí wa ká.

“Wọn ò tíì bí ẹ tí mo ti ń gbé mọ́tò. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ lójú gbogbo wọn pé bàbá ò ríran dáadáa mọ́? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í tú àṣírí àgbà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní ti òrùka. Èwo lẹ bá ní kí n mú nínú méjèèjì?

Wọ́n gbé e sókè, òrùka náà sì já. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti sin Bàbá Ràṣídì. Níbi àdúà fídáù, gbogbo ayé ní kádàrá ni, èmi náà ṣe àmín. Ọ́fíìsì wá kọ ìwé pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ abẹ́ ẹrù tó wà lókè, pé àìbìkítà rẹ̀ ló pa á. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Mo fọwọ́ sí i.

Lánàá mo lọ kí Ìyá Ràṣídì nínú ilé opó. Ó ti rù.

“Ìwọ lo wà níbẹ̀,” ó ní. “Òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ? Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn látìgbà èwe, kí ló lọ ń wá lábẹ́ irin?”

Mo ní kádàrá ni, màmá. Ó ní àlùhámúdùlílàhì. Ó ní kí wọ́n di wàrà fún mi lọ sílé, pé mo ti gbẹ jù. Wàrà náà wà níbí, mi ò lè fi kan ẹnu.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Nígbà tí mọ́tò wà lókè, mo rí i tí òrùka yẹn ń tẹ̀. Ó yẹ kí n pariwo, mi ò pariwo. Mo sáré lọ bá a kí n lè sọ ọ́ sí i létí, kí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín má baà gbọ́, abẹ́ mọ́tò ni mo sì gbà. Ojú tí kò rí àlàfo yẹn rí mi. Ó ju okùn sílẹ̀, ó sáré wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì mí síta. Ibi tí mo wà ló wà nígbà tó já; àwọn yòókù wà lódìkejì tírélà, òun nìkan ni wọ́n rí lábẹ́ rẹ̀.

Mo ti kọ ìwé mìíràn fún ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi. Ṣùgbọ́n Gàmbàrí ni mo kọ́kọ́ ń lọ, bí mo bá ti ká lẹ́tà yìí tán. Ó ṣeé ṣe kí Ìyá Ràṣídì má fẹ́ rí mi mọ́ láé. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ọkọ òun kò ṣe àìbìkítà, pé èmi ló sáré wá gbà sílẹ̀.

Èmi ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń mí nítorí ọ̀rẹ́ yín.