Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ìdí Ewúro Mi

Tàjùdéèn àbúrò mi,

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kí ẹnikẹ́ni má gbà mí nímọ̀ràn mọ́. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ àti gbogbo ará ilé. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ni mo ṣì fi ń lọ ra ẹja ní ọjà Rye Lane ní London níbí.

Ìfun ẹja yẹn ni mo máa ń rì sí ìdí ewúro mi lẹ́yìnkùlé, bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Peckham gbóòórùn rẹ̀, wọ́n hú ilẹ̀, wọ́n tọ̀ síbẹ̀, òórùn náà dé yàrá. Sìdíkátù ọmọ mi ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká da kọnkéré síbẹ̀." Mo ní, "Lọ da kọnkéré sí pálọ̀ tìẹ!"

Mi ò ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀ mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń wá. Wáyà tó dà bí àwọ̀n ni màá tẹ́ sórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n má lè hú u. Oṣù tó ń bọ̀ ni bíríkìlà tí Sìdíkátù pè láti wá da kọnkéré yẹn máa dé, ó gbọ́dọ̀ bá wáyà mi nílẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, Sàlámátù.

Owó tí mo yá ọ tí o fi kọ́ ilé adìẹ, san án.