Olegario Berroa, Ọkùnrin Tí Kì Í Gbá Bọ́ọ̀lù Burúkú (1946–2023)

Ní ìlú Consuelo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà, ni wọ́n ti bí bàbá wa, Olóògbé Olegario Berroa, ní ọdún 1946. Fermín, bàbá rẹ̀, ń gé ìrèké. Celestina, ìyá rẹ̀, ń fọ aṣọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà ló lọ, níwọ̀n tí apá òbí rẹ̀ ká.

Ní 1964, ó wọ ẹgbẹ́ beisibọ́ọ̀lù ìlú wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà wá mú òun lọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá jù sí i ló gbọ́dọ̀ fi igi gbá. Olegario kọ̀ jálẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá burú, tó ga jù tàbí tó jìnnà sí i, á gbé igi lé èjìká, á máa wò ó. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju burúkú mẹ́rin, òfin ní kí agbábọ́ọ̀lù rìn lọ sí ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́; ẹni tó bá sì yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká wọlé ló jẹ ayò. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò mú un o! Ilé iṣẹ́ ṣúgà ló gbà á, ó sì tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ní 1972, ó gbé màmá wa, Eduvigis Guridi, níyàwó, wàhálà àna sì dé. Òun àti ẹ̀gbọ́n màmá wa, Bàbá Anselmo onígbàjámọ̀, ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́. Ọdọọdún ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Anselmo láti yan agbábọ́ọ̀lù tí wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri pápá, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Kò sí ohun tí bàbá wa fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ọdọọdún ni Anselmo ń kọ̀.

"Nínú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń gbá a dáadáa! Ṣé agbábọ́ọ̀lù nìyẹn?"

"Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń dé ibùdó," àwọn yòókù á ní. "Ta ló tún ń débẹ̀ tó o?"

"Ó rìn débẹ̀ ni! Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n rìn."

Olóògbé á kàn rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń gbé oúnjẹ Olúwa lọ fún àwọn aláìsàn; lọ́sàn-án, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò pé kí wọ́n wo bọ́ọ̀lù dáadáa kí wọ́n tó gbá a. Kódà, bó bá fẹ́ ra píà lọ́jà, á yí i títí ẹni tó ń tà á á fi bú u.

Ní 2022, lọ́jọ́ ìpàdé àwọn àgbà, màmá wa wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Anselmo tún ń sọ ìtàn ayò tó fi gba ife fún ìlú ní 1971.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ yẹn, ẹ sáré wọlé ni àbí ẹ rìn?"

Màmá wa ló bi í bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà ní 1971, àwọn ará ẹgbẹ́ wa ti wà ní ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Anselmo wà ní ìkẹta, gbogbo pápá sì ń pariwo pé kí Olegario gbá a. Kò gbá a. Burúkú kẹrin kọjá, ó rìn lọ sí ìkíní, gbogbo wọn sún síwájú, Anselmo sì fẹsẹ̀ rìn wọlé. Láti ọjọ́ náà, Anselmo kò sọ apá yẹn rí. Bàbá wa náà kò sọ ọ́, torí àna rẹ̀ ni.

Anselmo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Yéè! Àbúrò mi ti pa mí! Ẹ kọ ọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀!" Òun fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri pápá. Bàbá wa fojú ara rẹ̀ rí i, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé.

Àwọn tó fi sílẹ̀ sáyé ni: màmá wa, àwa ọmọ rẹ̀, Ramira, Eusebio àti Nuria, àwọn ọmọ-ọmọ, àti àna kan tí kò rí ẹni bá jiyàn mọ́.

Lónìí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú wa fún agbábọ́ọ̀lù tó bá kú, a ó gbé pósí rẹ̀ yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Bàbá Anselmo ti kìlọ̀ fún àwọn tí yóò gbé e: "Ẹ má sáré o! Rírìn ni tiẹ̀."

Bàbá wa, ẹ rọra máa rìn wọlé. Ẹ sùn un re.