Ìdí Tí Mo Fi Kọ Eléyín

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Àbígbẹ̀yìn mi yà wá láti ibi iṣẹ́. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ ọ́: òun àti oníṣègùn eyín yẹn máa ṣègbéyàwó ní kóòtù ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fẹ́ kí n wá buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo ní n kò lọ. Eléyín — orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ikùn mi nìyẹn — ti kọ ìyàwó kan sílẹ̀ rí. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan yóò kọ èkejì.
Ó wò mí. "Bàbá mi, ṣé ìdí nìyẹn àbí ìbínú? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ká yẹ̀ ẹ́ wò."
Èmi ni mo kọ́ ọ. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní lójíìkì, òun náà ń gbọ́ tirẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ. Mo pọ́n àdá fọ́mọ, ọrùn mi ló kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ìṣẹ́gun, 4
N kò rí oorun sùn. Tíì tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 5
Mo kọ ọ́. Ẹsẹ̀ kìíní: gbogbo ọkùnrin tó bá kọ ìyàwó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò tún kọ òmíràn. Ẹsẹ̀ kejì: Eléyín ti kọ ọ̀kan. Orí tó jókòó lé wọn: Eléyín yóò kọ ọmọ mi.
Ó tò. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ òótọ́, orí kò níbi tí yóò sá gbà. Ṣùgbọ́n títò kọ́ ni òótọ́. Gbogbo ewúrẹ́ ló ń fò bí ẹyẹ. Ẹran tí mo so mọ́lẹ̀ yìí, ewúrẹ́ ni. Nítorí náà ó ń fò bí ẹyẹ — ìyẹn náà tò.
Ẹni tó bá ní "gbogbo" ti kó sí wàhálà. Ẹyọ ẹnì kan péré ló máa bà á jẹ́. Mo wá ẹnì kan. N kò rìn jìnnà. Mo pa ìwé dé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kí n kúkú kọ ọ́. Nígbà tí Àbígbẹ̀yìn ṣì ń rá, mo kó ẹrù mi, mo fi Adájọ́ — orúkọ tí mo ń pe ìyá rẹ̀ — sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ orin kan. Ó lé lọ́dún kí n tó padà. Ẹnikẹ́ni kò lé mi. Adájọ́ kò ṣẹ̀ mí. Ojú mi ló rìn, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Láti ìgbà yẹn n kò lọ mọ́. Ọmọ yìí kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ kò sọ fún un rí.
Bí mo bá fa gbólóhùn mi ya, mo ní láti dárúkọ ẹni tó fà á ya. Bí n kò bá fà á ya, ọmọ mi yóò ṣègbéyàwó láìsí mi níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹtì, 7
Mo yí "gbogbo" padà sí "ọ̀pọ̀". "Yóò" wá di "ó lè". Ta ni kò lè? — Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàtà Eléyín jà, àti ẹ̀rín rẹ̀, bí ẹni tó ń polówó eyín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo ń lu ẹlẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dán irú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ mi, òdo ni.

Àbámẹ́ta, 8
Eléyín wá fúnra rẹ̀. Kò jókòó títí mo fi ní kó jókòó. "Bàbá, mo fi ìyàwó mi àkọ́kọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀." Mo ní ṣé ó lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé irú ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ní, "Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, mo bà á jẹ́. Bí mo bá tún jẹ́ òmíràn, ṣé ẹ máa gbà á, sà?"
Inú bí mi. Ó tọ̀nà.

Àìkú, 9
Adájọ́ ń ká aṣọ. Mo sọ fún un pé mo ti rí ẹni tó ba gbólóhùn mi jẹ́: èmi ni. Ọkùnrin tó lọ, tó padà, tí kò lọ mọ́, ẹ̀rí nìyẹn. Bóyá mo tiẹ̀ ń retí ìyìn.
"Ẹ̀rí kẹ̀?" Ó ní lọ́jọ́ tí mo padà, òun kò mọ̀ bóyá mo máa tún lọ. Òun kàn ṣílẹ̀kùn ni. "Títí dòní, Bàbá àwọn ọmọ mi, bí ẹ bá pẹ́ níta, mo máa ń lọ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù bóyá báàgì tí ẹ fi kó ẹrù lọ ṣì wà ńbẹ̀."
Kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀wù mi ló ń ká.
"Ẹ lọ sọ fún ọmọ yín. Àmọ́ ẹ má fi mí ṣe ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yín. Ọkàn mi ò tíì gúnlẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Báàgì náà wà níbẹ̀. Kò ní eruku.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo sọ fún Àbígbẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀, láìsí àwáwí. N kò sọ pé nítorí náà báyìí tàbí nítorí náà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò fi gbè sẹ́yìn Eléyín. Kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń gbé mi nígbà yẹn, bí mo bá ń sunkún?" Mo ní, "Ìyá rẹ ni." Ó dìde, ó wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn wọn. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 15
Kóòtù. Mo jókòó sẹ́yìn. Akọ̀wé ìgbéyàwó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ fẹ́ra. Ọmọ mi yíjú padà, ó wò mí.
N kò ní ìdí kankan.
Nígbà tó kan ẹlẹ́rìí, ìyá rẹ̀ ni ọmọ mi pè.