Nọ́ńbà Tí Mo Lọ Pààrọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Kiplagat,

Ẹ má bínú pé mo ń fi ìwé dà yín láàmú lásìkò ìkórè àgbàdo. Ara mi le.

Wanjiru tí a jọ ń gbé yàrá ló forúkọ mi sílẹ̀ fún eré kìlómítà méjìlélógójì ti Nàìróbì. Ó ní, “Ọmọ Iten, ìlú àwọn eléré sísá, ń bẹ̀rù eré sísá? Má pa mí lẹ́rìn-ín!” Mo gbà, torí òun nìkan ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀ níbí.

Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ yín lẹ fi ń gbé mi lọ sílé ìwé nígbà tí àwọn yòókù ń sáré. Lánàá, mo yọ́ lọ pààrọ̀ nọ́ńbà tí màá lẹ̀ mọ́ àyà sáré sí ti kìlómítà márùn-ún.

Ẹ bá mi kí Màmá. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń fi èéfín sí inú akèrègbè wàrà tí a fi ń pàdé olúborí eré sísá, wọ́n ń fi dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yìí hàn wọ́n.

Jemutai