Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Ilé Akínlẹ́yẹ,
Ìyìn-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 1998.

Ẹ̀bùnọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo gbà pé ara rẹ le, àti pé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Ìlọrin kò yọ ọ́ lẹ́nu jù. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo sì ti ń yọrí.

Ìyá ló máa ń bá ọmọbìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Má bínú, má sì tijú mi. Láti ìgbà tí o ti padà lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí a ń múra àtilọ sí Gálílì, mo ń pọn omi lẹ́yìn ilé, mo sì gbọ́ ọ nínú ṣáláńgá. O ò pariwo. Ńṣe lò ń há ìkérora mọ́ ọ̀fun. Mo gbé korobá sílẹ̀. Ohùn Monínúọlá ni mo gbọ́.

O ò mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi obìnrin ni, ó ti kú kí a tó bí ọ. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, ó máa ń ká jọ lórí ẹní, á máa bì, kò sì ní lè yàgbẹ́ láìsunkún. Àwọn ará ilé ní nǹkan dídùn ló ń jẹ jù, pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n gba baba dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń po àgbo fún un, ó ń ṣu omi, oṣù mìíràn á sì tún dé. Ìyá wa ní, “Ulé ọkọ ni á wò ó sàn. Bó bá bímọ, á lọ.” Ó lọ sílé ọkọ ní Ìgèdè, kò rọ́mọ bí. Nítorí pé ó ń sá fún ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n ní ó ní ọkọ ọ̀run, wọ́n dá a padà pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu àgbo mu títí kò fi lágbára àtidìde mọ́. Yàrá rẹ̀ la ń kó iṣu sí báyìí. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń dúró fetí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Ẹgbẹ́ Obìnrin ìjọ wa pe nọ́ọ̀sì kan láti Adó, Ìyáàfin Bámgbóyè. Èmi ń to àga lẹ́yìn. Ó ní àìsàn kan wà tí ẹran tó jọ awọ inú ilé-ọmọ máa ń hù síta ilé-ọmọ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò sì rọ́nà jáde. Ó ní ó lè máa dun obìnrin lẹ́yìn àti nítan, nígbà tó bá ń yàgbẹ́, nígbà tó bá wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọmọ sì lè ṣòroó rí. Ìyá Success ní, “Nọ́ọ̀sì, gbogbo wa la rí i. Béèyàn bá ti bímọ, ó tán.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹni tí kò wá rọ́mọ bí ńkọ́, mà?”

Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe ọ́. Dókítà ló lè sọ. Ṣùgbọ́n mo rí ìgò àgbo tí ìyá rẹ dì sínú báàgì rẹ, mo sì gbọ́ tó ní kí ìwọ àti Akínwálé tètè ṣe ìgbéyàwó, pé ara rẹ á balẹ̀. Má dúró de ìgbéyàwó. Wálé lọ́jọ́ Ẹtì, ká jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí nọ́ọ̀sì júwe fún mi ní Adó. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo obìnrin, má dìde. Sọ ti ṣáláńgá, sọ ti àwọn ọjọ́ tí o kò lè lọ síṣẹ́. Èmi á jókòó síta, mi ò ní bi ọ́ léèrè.

Ọlọ́run tó dá ara rẹ yóò tọ́jú rẹ̀. O ò ní jẹ̀rora ní ìkọ̀kọ̀. Ilé tí o bá wọ̀ á gbà ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Ìdòwú Akínlẹ́yẹ.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sétí ìyá rẹ kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní a ó mú Olúwabùnmi àbúrò rẹ dání lọ sí Adó. Ó ní àwọn ọjọ́ tí ọmọ náà kì í lọ sílé-ìwé, tí mo rò pé ibà ni, kì í ṣe ibà. Aṣọ ló máa ń há sẹ́nu kí n má bàa gbọ́.