Ìrù Olóògbé

Mọ́ńdè, 4/6/2012
Oúnjẹ ẹja, àpò kan: ₦4,200. Epo jẹnẹrétọ̀, lítà mẹ́wàá: ₦970. Ọkọ̀ lọ sí Iyaro àti àbọ̀: ₦200. Ó kù: ₦41,300. ₦12,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìdánwò Dámilọ́lá, n kò ní í fọwọ́ kàn án.
Báńkì ló pè mí sí Iyaro — Ọ̀gbẹ́ni Títíloyè ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì, tá a jọ wà ní ẹgbẹ́ ọmọ Oǹdó, tó ń sin ẹja lẹ́yìnkùlé. Abo mẹ́wàá tí mo tà fún un, ₦3,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yé, ẹyin kò di ọmọ. Ó ní àmúlùmálà, ọmọ irú ẹja méjì, tí ẹyin abo rẹ̀ kì í sábà di ọmọ, ni mo tà ní orúkọ àrọ̀ gidi. Kí n dá ₦30,000 padà kó tó di ìpàdé Júláì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mo ní bí kì í bá ṣe àrọ̀ gidi, a jẹ́ pé wọ́n purọ́ fún èmi náà níbi tí mo ti ra akọ ni.
Ìdajì oníbàárà mi, ẹgbẹ́ yẹn ni.
Mo lọ wo àwọn ẹja mi. Irùngbọ̀n mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Túsìdé, 5/6
Dámilọ́lá ní: "Mummy, just give am him money." Òun kọ́ ló ń ra oúnjẹ ẹja.

Sátidé, 9/6
Adébùkọ́lá wá láti Ugbowo, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn: ẹja tó bá jọra, á yẹ àbùdá inú ara wọn wò, á wo ibi tó ti yàtọ̀, á wá sọ irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kẹ́míkà, ₦1,500 fún ẹja kan. Mo ná an. ₦1,500 náà ni.
Ó gé díẹ̀ létí ìrù Ìyálójà — ìyá gbogbo wọn. Ó ti gba ti ọ̀kan lára ẹja Báńkì wá.
"Bàbá wọn ńkọ́, Mọ́mì?"
Mo ní ó ti di olóògbé. A kì í rí àtọ̀ akọ gbà láìpa á. A sì jẹ ẹ́, Máàṣì 2010.
Ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ wà. Mo sá a sóòrùn, mo há a sókè kíṣìnì, fún ọbẹ̀ ọjọ́ mìíràn. N kì í da nǹkan nù. Ó wò mí, ó wo ìrù.
₦4,500. Ó kù: ₦36,800.

Sọ́ńdè, 24/6
Èsì kò tíì dé. Báńkì kọjá. Ó kí Dámilọ́lá, ó kí ajá.

Fúráìdé, 6/7
Ó dé. Ìyálójà: àrọ̀ gidi. Ẹja Báńkì: àmúlùmálà. Olóògbé: àmúlùmálà.
Mo ṣí ìwé ọdún 2010. 13 Fẹ́búárì: "Akọ kan, ₦5,000, lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Títíloyè. Ó ní àrọ̀ gidi ni, kò lábùlà."

Sọ́ńdè, 8/7
Mo fi ìwé méjèèjì, èsì àti ti ọdún 2010, lé Báńkì lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbàdúrà ìpàdé. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun náà, rírà lòun ra akọ yẹn, wọ́n purọ́ fún òun ni. Mo gbà á gbọ́. Ohun tí èmi náà sọ fún un ní Júùnù nìyẹn.
Kò dárúkọ ₦30,000 mọ́. Èmi náà kò dárúkọ ₦5,000. Mo jẹ mọ́ín-mọ́ín méjì.

Mọ́ńdè, 9/7
Mo tún ṣí ìwé náà. Abo tí mo tà nínú ọmọ Olóògbé: méjìlélọ́gbọ̀n. Báńkì gba mẹ́wàá. Méjìlélógún tó kù, Màmá Fọlákẹ́ ní Ekenwan ló rà wọ́n, opó ni. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí.
Mo pè é. Mo ṣàlàyé.
Ó ní: "Mo rò pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Akọ mẹ́fà ni mo ti pa."
22 × ₦3,000 = ₦66,000. Akọ mẹ́fà kò tíì sí nínú rẹ̀.
Owó ọwọ́: ₦31,600, ti Dámilọ́lá wà níbẹ̀.
Iye tí mo ti san: òdo.